Bí ẹ ṣe lè ṣe ìpàdé nígbà tí ẹ̀tọ́ bá kọlu ẹ̀tọ́

Tí wọ́n bá mú olè ládùúgbò, ìpàdé ọjọ́ náà kì í pẹ́, torí gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé apá méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́, tó sì jẹ́ pé ibi yòówù kí ẹ gbé e gbà, ẹnì kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ni yóò jìyà rẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ nílùú Òṣogbo títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa lápá Òkè-Baálẹ̀. Nínú gbogbo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tó gba ọwọ́ mi kọjá, ohun kan ni mo rí tó máa ń mú kí ìpinnu dúró tàbí kó tú ká: ṣé ẹni tí ìpinnu náà yóò pa lára jù wà níjokòó, ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ojú àgbàrá ṣe àpẹẹrẹ, torí ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà ládùúgbò tiyín náà. Ìyá kan wà níbi tí mò ń gbé, opó ni wọ́n, ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà. Ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ní pláànù tí ìjọba fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tajà àti ògiri tó yí ilé náà ká dí ibi tí omi máa ń gbà kí ilé tó kún àdúgbò. Bí òjò bá ti rọ̀ gidi, omi á padà sẹ́yìn, á wọ ilé àwọn tó wà lápá òkè. Ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé orí tábìlì ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí fún àwọn ọmọ lálẹ́ òjò. Àwọn ará òkè lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn nínú ilé gbígbẹ. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé tí ọkọ wọn kọ́ lọ́nà òfin. Ta wá ni ọ̀daràn níbẹ̀? Kò sí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìbéèrè náà

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìpàdé. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ dáhùn sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹ gbé e lọ bá apá kìíní, kí ẹ gbé e lọ bá apá kejì, kí ẹ máa tún un kọ títí àwọn méjèèjì yóò fi sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn." Ohun tí àwọn ará òkè kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa ni pé: "Ṣé kí a wó ilé Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni, àbí kí a má wó o?" Ìbéèrè yìí ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́. Kò sí èsì tí Ìyá lè fún un ju kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ orí lọ, ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn. Nígbà tí a gbé e lọ, tí a gbé e bọ̀, ohun tó padà wà lórí bébà ni: "Ibo ni omi yóò gbà kọjá, ta ni yóò san owó rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní di aláìnílé tàbí aláìníṣẹ́?" Ọjọ́ tí Ìyá gbọ́ ìyẹn ni wọ́n tó gbà láti wá sí ìpàdé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọ̀rọ̀ tó tóbi ju àdúgbò lọ. Gbogbo wa ní Òṣogbo la mọ bí àwọ̀ odò Ọ̀ṣun ṣe yí padà láti ìgbà tí ìwakùsà wúrà ti gbilẹ̀ lápá Iléṣà. Igbó Ọ̀ṣun ti wà lára àwọn ogún àgbáyé tí UNESCO kọ sílẹ̀ láti 2005, síbẹ̀ lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Bí ẹ bá béèrè pé, "Ṣé wúrà la fẹ́ ni, àbí odò?", ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun á dáhùn tirẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ṣọ́bìrì wá oúnjẹ á dáhùn tirẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ní pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé ibo ni kí omi ìdọ̀tí ìwakùsà máa lọ tí kò fi ní wọ inú odò, ta ló ń kó èrè ńlá inú rẹ̀, ta ló sì ń pọn omi náà mu. Nígbà náà lẹ ó rí i pé àwọn méjèèjì yẹn kò jìnnà síra wọn tó bí a ṣe rò, àti pé ẹni tó ń kó èrè ńlá náà kò tíì sọ̀rọ̀ rárá.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ fẹsẹ̀ ara yín dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Fọ́tò orí WhatsApp kò tó. Àwa mú okùn ìwọ̀n dání, apá méjèèjì sì rán ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé wa. Ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn ará òkè ń sọ pé ilé Ìyá látòkè délẹ̀ ló dí omi. Okùn fi hàn pé ṣọ́ọ̀bù ni, àti apá kan ògiri. Ilé gan-an kò sí níbẹ̀. Ìjà dín kù níbẹ̀ yẹn láìsí ẹni tó bẹ ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn èèyàn jókòó jiyàn lórí ohun tí okùn lè wọ̀n.

Àwọn tí yóò jókòó

Ìpàdé àdúgbò níbi púpọ̀ ní Òṣogbo, ti àwọn onílé ni. Bẹ́ẹ̀, ayálégbé ni omi máa ń bá jù, torí yàrá ìsàlẹ̀ lówó wọn ká. Àwọn obìnrin ló sì ń gbọ́n omi jáde, ṣùgbọ́n tó bá dọ̀rọ̀ ìpàdé, ọkọ wọn ni yóò wá jókòó. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ìpinnu náà yóò kàn sílẹ̀, kí ẹ tó kọ orúkọ àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò nínú ẹgbẹ́. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá ní orúkọ tí kò sí nínú ìkejì, ẹ lọ pe àwọn yẹn wá.

Orílẹ̀-èdè Ireland ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò. Láti 1983 ni òfin ilẹ̀ wọn ti ní ẹsẹ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ oyún ṣíṣẹ́, àwọn olóṣèlú sì ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Lọ́dún 2016, wọ́n fi ọ̀nà tó jọ kèké ṣíṣẹ́ mú èèyàn 99 láàárín àwọn ará ìlú, wọ́n fi adájọ́ kan, Mary Laffoy, ṣe alága wọn. Òpin ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn dókítà, wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn agbẹjọ́rò, wọ́n gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n sì gbọ́ tẹnu àwọn tó ń gbà á àti àwọn tó ń takò ó. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìlú dìbò ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìdá 66.4 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ òfin náà. Ẹ̀sìn kálukú ti sọ tirẹ̀ fún un lórí oyún ṣíṣẹ́, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé ìpinnu wọn. Bí wọ́n ṣe jókòó ni mo ní kí ẹ wò: wọ́n pín sí orí tábìlì kéékèèké, ẹni tí ohùn rẹ̀ ga kò lè bo ti aládùúgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan sórí bébà kékeré, ẹ dà á sínú àpò, kí ọmọdé kan mú méjìlá. Ẹ wá fi àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n kún un, àwọn yẹn ò ní ṣẹ́ kèké. Ẹ jókòó ní márùn-ún márùn-ún. Ẹ má to àga ńlá síwájú fún àwọn olóyè, kí àlùfáà àti lémọ́ọ̀mù náà jókòó sáàárín èrò. Ibi ìpàdé kò gbọdọ̀ jẹ́ àgbàlá ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń jà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ọjọ́ ńkọ́? Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹni tí ọ̀rọ̀ yóò pa lára jù máa ń lọ sọ́jà, kí ẹ yẹra fún un. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ìpàdé sí ọjọ́ ọjà.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti le débi pé wọn ò kí ara wọn mọ́, ẹ rán oníṣẹ́ sí wọn, kí ẹ rán méjì. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí rẹ̀ ní 1886, gómìnà Èkó rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson tó wà ní Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips tó wà ní Oǹdó. Wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀, títí àwọn ọba àti olórí ogun fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Oníṣẹ́ kan ṣoṣo, apá kan á sọ pé ó ti gbàbọ̀dè. Ẹ jẹ́ kí apá kọ̀ọ̀kan mọ ojú ẹnì kan nínú àwọn tí ẹ rán.

Nígbà tí ẹ bá ti jókòó

Ẹni tí yóò pàdánù jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì já ọ̀rọ̀ gbà á lẹ́nu. Àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, gbogbo wa la sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì kí ẹ ṣì ṣìkà, bó bá jẹ́ pé ẹni tó lágbára ló ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kí ó tó kan aláìní, tí oòrùn ti mú, tí àwọn èèyàn ti ń wo aago. Òfin kejì: ẹni tó bá fẹ́ fèsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ohun tí ẹnì kejì sọ sọ, títí onítọ̀hún yóò fi ní, "Ohun tí mo sọ nìyẹn." Ó máa ń fa àkókò gùn. Ẹ fara dà á.

Nígbà tó kan Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ohun tí wọ́n sọ ya gbogbo wa lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní kí omi má kọjá. Ẹ ó wó ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ ó ní ẹ ó kọ́ òmíràn. Tí òjò bá ti dá, tí ilé yín ti gbẹ, ta ló máa rántí mi?" Láti bí oṣù mélòó kan tí ìjà ti wà nílẹ̀, a rò pé orí ilẹ̀ ni Ìyá ń jà lé. Wọn ò gbà wá gbọ́ ni, wọ́n sì ní ìdí. Ọkùnrin kan láti òkè, ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń sùn lórí tábìlì, dìde, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí Ìyá ṣe sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì yí padà bó ṣe ń sọ ọ́. Láti ìgbà yẹn lọ, owó la ń jíròrò, a ò jíròrò wíwó mọ́.

Kí ẹ tó jókòó rárá, ẹ fẹnu kò sí ohun tí ẹ ó ṣe bí alágbára kan bá kọ̀ láti wá. Àwa ará Nàìjíríà ti rí èyí rí. Ní 1999, Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Chukwudifu Oputa, láti wádìí ìwà ìfìyàjẹni tó wáyé láyé ológun. A wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. A rí àwọn tó ń sunkún ọkọ wọn àti ọmọ wọn ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gágun mẹ́ta tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè rí, Babangida, Buhari àti Abdulsalami, kò yọjú. Ìgbìmọ̀ gbé ìwé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní 2002. Nígbà tó di 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà sọ pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti dá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ìjọba kò sì gbé ìwé àbọ̀ náà jáde. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ sí i. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ti jìyà wá ṣí ojú egbò wọn, láìkọ́kọ́ mọ̀ bóyá òfin yóò gbe ìgbìmọ̀ náà, tàbí ohun tí wọn yóò ṣe fún ẹni tó bá kọ̀ láti jẹ́ ìpè. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, onílé kan wà lápá òkè tó ń gbé Èkó, ilé rẹ̀ ló tóbi jù, kò sì dá wa lóhùn. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ẹni tí a bá ránṣẹ́ sí tí kò wá kò lè dá ìpinnu dúró, àti pé owó tó bá kọ̀ láti san, àwọn ará òkè yòókù ni yóò pín in, kò ní kan Ìyá.

Ẹ má tètè dìbò. Ìyá jẹ́ ẹnì kan, àwọn tí omi ń wọ ilé wọn jẹ́ ogunlọ́gọ̀. Tó bá jẹ́ ìbò ni, a ti mọ èsì rẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Ìbò wúlò nígbà tí ẹ bá ń yan láàárín ọ̀nà méjì tí ẹni tí yóò pàdánù ti sọ pé òun lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Owó ìpinnu náà

Bí ẹ bá gba Old Garage kọjá ní Òṣogbo, ẹ ti rí ọgbà tí wọ́n fi orúkọ Nelson Mandela pè. Nígbà tí Mandela di ààrẹ ní South Africa, ìṣòro tó wà nílẹ̀ nìyí: àwọn tó pa èèyàn láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà nínú ọlọ́pàá àti ológun. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo wọn lọ sẹ́wọ̀n, ogun lè tún bẹ́; bí wọ́n bá dárí ji gbogbo wọn láìbéèrè ọ̀rọ̀, àwọn òkú kò ní rí ẹni sọ̀rọ̀ wọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1995 gba àárín lọ. Ẹni tó bá wá, tó sọ gbogbo òtítọ́ nípa ohun tó ṣe nítorí òṣèlú, lè rí ìdáríjì gbà. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu ló ṣolórí ìgbìmọ̀ náà. Àwọn tó bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì lé ní 7,000, àwọn 849 ló rí i gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ ẹni tí owó rẹ̀ ti jáde. Ìdáríjì gba ẹ̀tọ́ láti pe apànìyàn lẹ́jọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ẹbí òkú. Ìgbìmọ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa san owó fún wọn lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tó di 2003, ohun tí ìjọba san ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n owó rand, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Apànìyàn gba tirẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tó pàdánù dúró dè títí, èyí tó rí gbà kò sì tó èyí tí wọ́n dámọ̀ràn.

Nítorí náà, ẹ to ìpinnu yín kí owó ẹni tó ń pàdánù ṣáájú. Tiwa lọ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù tuntun yóò wà lẹ́bàá títì, níwájú ilé Ìyá, níbi tí omi kì í gbà. Kí wọ́n kan páànù rẹ̀, kí ẹ̀lùbọ́ wọ inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi òòlù kan ògiri àtijọ́. Àwọn tí omi ń wọ ilé wọn san ìlọ́po méjì ohun tí àwọn yòókù san, ayálégbé kò sì san rárá, torí onílé ni ilé gbígbẹ yóò gbówó lé. Owó wà lọ́wọ́ akápò àti ẹnì kan tí Ìyá fúnra wọn yàn. Ẹ má sì gbàgbé pé ilé tí bàbá fi sílẹ̀, ti àwọn ọmọ ni: a mú ìwé lọ bá gbogbo àwọn ọmọ, títí kan èyí tó wà ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó gbé òòlù.

Ẹnì kan yóò dìde sọ pé kí ẹ kúkú lọ sí kóòtù. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n kò sì ní bú u. Kóòtù á sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́, nígbà míì ìyẹn nìkan ló lè gba aláìlágbára sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lo híjáàbù nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Krìstẹ́nì kan fi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá sí kíláàsì ní Ìwó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù náà dá irú ẹjọ́ yìí ti Èkó lọ́dún 2022, ó ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́. Bí àwọn ọmọ yóò ṣe jókòó sórí àga kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìdájọ́, àwọn òbí àti olùkọ́ ló ni ìyẹn. Bí ẹ bá lọ sí kóòtù, ẹ ṣì máa ṣe ìpàdé náà nígbà tí ẹ bá dé.

Tó bá kan kíkọ àdéhùn, ẹ wo ìwé àdéhùn Kírìjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn: Ọ̀tan, Ìrẹsì, Adà àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará ìlú wọ̀nyẹn tí kò bá fẹ́ ní àǹfààní láti kó kúrò. Wọ́n rántí ẹni tí ìpinnu náà kò tẹ́ lọ́rùn. Ibì kan sì wà tí kò ṣiṣẹ́: wọ́n kọ ọ́ pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà, wọn ò sì ṣí. Ní 1909 ni wọ́n tó tú ìlú náà ká, àwọn èèyàn rẹ̀ tún padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sì ń dá padà títí dé èyí tó le jù, láti 1997 sí 2000. Ẹ má kọ ohun tí ẹni tí yóò ṣe é kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ìwé náà kúrú, ní Yorùbá tí Ìyá lè kà tàbí tí ọmọ wọn lè kà fún wọn. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́wọ́ baálẹ̀, ọ̀kan nínú fáìlì ẹgbẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún jókòó sí i. Tiwa bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí a lè mọ̀ bóyá omi wọ ilé ẹnikẹ́ni lọ́dún náà àti bóyá ọjà ń yá ní ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ẹ yan ẹlòmíràn ṣe alága ọjọ́ yẹn, ẹni tí kò lọ́wọ́ sí ìpinnu àkọ́kọ́, kó má baà máa gbèjà ara rẹ̀. Kí akápò mú ìwé owó wá, kó ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè sókè, kí kálukú wọn sì dá ọjọ́ tí yóò san án kó tó kúrò níjokòó.